Oníbodè Òkun: Ìtàn Ìsinmi Tọkọtaya láti Ìbàdàn dé Etíkun

Ọ̀rọ̀ tí a gbé ka iwájú lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ eré lójú ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ ọkọ àti aya ni, tí wọ́n gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, tí wọ́n di ẹrù wọn, tí wọ́n sì lọ sí ilé ìgbafẹ́ létí òkun. Níbẹ̀, wọ́n ti san gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Láti ọjọ́ tí wọ́n dé títí di ọjọ́ tí wọn yóò kúrò, oúnjẹ, ohun mímu, ibùsùn àti eré ìdárayá, gbogbo rẹ̀ ti wà nínú owó náà. Ẹnikẹ́ni kò tún ní béèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Bí mo bá pe irú ìsinmi yìí ní ìsinmi sanwó-lẹ́ẹ̀kan nínú ọ̀rọ̀ mi, ẹ ó mọ ohun tí mo ń wí.

Ẹnìkan lè béèrè pé, kí ni ìtàn ní í ṣe pẹ̀lú èyí? Ìdáhùn mi ni pé irú ilé ìgbafẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, ẹnu ọ̀nà náà sì ní ẹni tí ń ṣọ́ ọ. Ẹni tí ó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí ó ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ń wọlé, tí ó sì ń dá ẹlòmíràn padà, àwọn baba wa ní orúkọ fún un. Oníbodè ni. Ìtàn ará Ìbàdàn pẹ̀lú òkun, láti ayé ogun títí di òní, ìtàn oníbodè ni. Oníbodè ń pààrọ̀ aṣọ, ṣùgbọ́n bodè kò kúrò lójú ọ̀nà. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò nìyẹn: ta ni ó ń wọlé, ta ni ó ń kù síta, àti pé kí ni ẹni tí ó ti wọlé jẹ ẹni tí ó kù síta?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìdí. Ìbàdàn kì í ṣe ìlú etí òkun. Láti Dùgbẹ̀ dé Èkó tó nǹkan bí 130 kìlómítà. Láti nǹkan bí ọdún 1829 tí àwọn jagunjagun ti fi ibẹ̀ ṣe ibùdó, ohun méjì tí ìlú náà kò lè ṣe aláìní ni ó ń ti etíkun wá: iyọ̀, àti ohun ìjà, pàápàá ìbọn àti ẹ̀tù. Àwọn Ẹ̀gbá àti àwọn Ìjẹ̀bú ni ó wà láàárín Ìbàdàn àti òkun. Wọn kì í fẹ́ kí oníṣòwò Ìbàdàn kọjá lọ bá òyìnbó fúnra rẹ̀. Ọjà tiwọn ni wọ́n fẹ́ kí ó ná. Oníbodè tiwọn ni wọ́n fẹ́ kí ó sanwó fún. Ní ọdún 1877, Ààrẹ Látòósà rán àwọn èrò gba ilẹ̀ Ẹ̀gbá lọ sí Àjàṣẹ́, èyí tí a tún mọ̀ sí Porto-Novo, kí wọ́n lọ ra ẹ̀tù wá. Inú bí àwọn Ẹ̀gbá, ọ̀nà dí, ìjà sì bẹ́ sílẹ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà dìde lábẹ́ àsíá Èkìtì Parapọ̀, nítorí pé ìnilára àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ti sú wọn. Bí ogun tí ó gba ọdún mẹ́rìndínlógún ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, èyí tí a mọ̀ sí ogun Kírìjí. Ọ̀nà òkun nìkan kọ́ ni ó fa ogun náà, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ó bá ń sọ ìtàn rẹ̀ láìsọ ti bodè tí ó wà lójú ọ̀nà òkun kò tíì sọ ìtàn náà tán.

Kí a má baà ṣe ojúsàájú, ẹ jẹ́ kí a rántí pé Ìbàdàn pàápàá ní odi àti bodè tirẹ̀. Odi tí Balógun Ìbíkúnlé mọ yí ìlú ká kò ṣe é wọ̀ bí kò ṣe láti ẹnu bodè, àwọn ìjòyè sì ń jẹ nínú owó tí àwọn oníbodè ń gbà. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn tí ogun kó lẹ́rú ní ilẹ̀ Yorùbá, tí àwọn jagunjagun Ìbàdàn náà wà lára àwọn tí ń kó wọn, ọ̀pọ̀ wọn ni a tà sí ìhà etíkun. Agbádárìgì, Èkó, Àjàṣẹ́ àti Ouidah ni wọ́n gbà lọ. Ní Ouidah, a kọ́ ẹnu ọ̀nà ńlá kan sí orí iyanrìn ní ọdún 1995 fún ìrántí àwọn tí ó kọjá síbẹ̀ tí wọn kò padà mọ́. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń wo etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà lónìí, tí a rí àga gbọọrọ tí a tẹ́ sábẹ́ igi àgbọn, ẹ jẹ́ kí a mọ̀ pé iyanrìn náà ti rí ohun mìíràn rí. Lójú ará òkè ní ayé ìgbà náà, òkun kì í ṣe ibi tí a ń lọ gbafẹ́. Ibùgbé Olókun ni, ọ̀nà ọjà ni, ibi àdánù ni pẹ̀lú.

Ǹjẹ́ àwọn baba wa kò ha mọ ìsinmi bí? Wọ́n mọ̀ ọ́n dáradára. Òwe wọn ni pé ilé ni àbọ̀ ìsinmi oko. Ẹ kíyè sí òwe yìí. Ẹni tí ó fẹ́ sinmi kì í kúrò nílé, ńṣe ni ó ń bọ̀ wá sílé. Ìsinmi kì í sì í ṣe ti ẹnìkan tàbí ti ẹni méjì, ti agbo ilé ni, nígbà mìíràn ti gbogbo ìlú. Ìbàdàn ní àpẹẹrẹ kan tí ó dára púpọ̀, èyíinì ni ọdún Òkèbàdàn, tí a máa ń ṣe ní oṣù Kẹta. Ní ọjọ́ náà, gẹ́gẹ́ bí àṣà àtijọ́, a kì í dáná ní ìlú. Oúnjẹ tútù ni a ń jẹ, ní ìrántí ìgbà tí àwọn tí ó kọ́kọ́ tẹ ìlú dó wà lórí òkè nínú ìpọ́njú, tí èso òro àti ìgbín jẹ́ oúnjẹ wọn. Ọjà kì í ná, iṣẹ́ kì í lọ. Ìjòyè kò dáná, ìwọ̀fà kò dáná. Ìsinmi tí kò ní bodè ni. Kò sí ẹni tí ó sanwó wọ inú rẹ̀, kò sì sí ẹni tí a tì síta. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ iná tí a kò dá yìí sọ́kàn. A óò padà bá a.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọ̀n. Ní ọdún 1893, Ìbàdàn tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, Captain Bower sì di Rẹ́sídẹ́ǹtì. Ní ọdún 1901, ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn láti Èkó. Ọ̀nà òkun tí àwọn baba wa ti fi ẹ̀jẹ̀ wá, ó wá ṣí sílẹ̀ gbayawu. Oníbodè àtijọ́ kúrò lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n oníbodè tuntun ti dúró sí àyè rẹ̀. Owó nìkan kọ́ ni ó ń béèrè. Àwọ̀ ara ni ó ń wò.

Àwọn òyìnbó ìjọba amúnisìn wọ̀nyí ni wọ́n mú ohun tí gbogbo òṣìṣẹ́ mọ̀ sí lííf wá sáàárín wa. Òyìnbó tí ó wá ṣiṣẹ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà máa ń ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ọdún kan sí ọdún kan àbọ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò wọ ọkọ̀ òkun padà sí Liverpool, ìrìn àjò tí ó tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, yóò sì lo oṣù mélòó kan nílé kí ó tó padà. Ìjọba ni ó ń san owó ọkọ̀ rẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ṣe ètò yìí ni ibà, tí ó ti pa ọ̀pọ̀ òyìnbó débi pé wọ́n ń pe ilẹ̀ wa ní ibojì aláwọ̀ funfun. Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ìjọba kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ kí òyìnbó mú aya rẹ̀ wá. Nítorí náà, ìgbà lííf ni ọ̀pọ̀ tọkọtaya nínú wọn tún máa ń wà pa pọ̀. Kì í wá ṣe ohun ìyanu pé lójú wọn, ìsinmi kúrò lẹ́nu iṣẹ́ àti àkókò tí ọkọ àti aya fi wà pa pọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ohun kan náà.

Ní Ìbàdàn níhìn-ín, wọ́n ya ibùgbé tiwọn sọ́tọ̀ ní Agodi, ní Jericho àti ní Ìyágankú, pẹ̀lú ilé onípápá, igi òdòdó àti ọ̀nà tí ó tẹ́jú. Rest House ìjọba wà fún àwọn tí ń kọjá lọ. Aláwọ̀ dúdú tí ó bá wọ irú ibẹ̀, ọmọ ọ̀dọ̀ ni, tàbí alásè, tàbí ẹni tí ń rẹ́ koríko. Ní Èkó, ẹgbẹ́ ìgbafẹ́ tí ó wá di Ikoyi Club, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1938, European Club ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè é. Akọ̀wé aláwọ̀ dúdú náà ní ìsinmi tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìlú rẹ̀ ni ó ń lọ, láti lọ wo ìyá rẹ̀, láti lọ san owó orí, láti lọ wo ilé tí ó ń kọ́ lọ́wọ́. Ilé ṣì ni àbọ̀ ìsinmi oko.

Ní oṣù Kejì ọdún 1947, bodè yìí fọ́. Ivor Cummings, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí ń rí sí àwọn ìlú amúnisìn ní London, wá sí Èkó lẹ́nu iṣẹ́. Ìyá rẹ̀ jẹ́ òyìnbó, baba rẹ̀ jẹ́ dókítà ọmọ Sierra Leone. Wọ́n ti gba yàrá fún un ní Bristol Hotel. Nígbà tí ó dé, tí àwọn tí ó ni hòtẹ́ẹ̀lì náà rí i pé kì í ṣe aláwọ̀ funfun, wọ́n ní kò sí àyè fún un. Gbogbo Èkó gbóná. Àwọn ìwé ìròyìn kígbe, àwọn olóṣèlú àti àwọn ọ̀dọ́ fi ẹ̀hónú hàn. Kò pẹ́ tí Gómìnà Arthur Richards fi pàṣẹ pé ìyàsọ́tọ̀ nítorí àwọ̀ gbọ́dọ̀ dópin ní àwọn ibi tí ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn. Ẹ wo bí ìtàn ṣe ń ṣe nǹkan. Ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn ń dí, ẹnu ọ̀nà ipò gíga ń dí, àwọn ènìyàn wa sì ti ń jà fún ìwọ̀nyí tipẹ́. Síbẹ̀, ẹnu ọ̀nà hòtẹ́ẹ̀lì ni iná ti ràn. Ibi tí ènìyàn lè fi orí lélẹ̀ sí láìsí ẹ̀gàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ fàájì lásán. Ọ̀rọ̀ iyì ọmọ ènìyàn ni.

Láti ìgbà náà ni ọmọ Nàìjíríà ti ń wọlé. Ìgbìmọ̀ Hugh Foot ti ọdún 1948 gbà pé kí a máa fi ọmọ ìbílẹ̀ sí ipò gíga. Ní ọdún yẹn kan náà ni University College bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. Nígbà tí Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà gba ìjọba ara rẹ̀ ní ọdún 1957, owó kòkó wà, ọgbọ́n wà, ìgboyà sì wà. Ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1959. Ilé Ìgbìmọ̀ Kíkọ́ Ilé tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1958 la igbó Bódìjà, ó kọ́ ilé tí ó ní yàrá ìwẹ̀ nínú àti ọgbà òdòdó níwájú. Pápá ìṣeré Liberty ní Ring Road ṣí ní ọdún 1960. Cocoa House yọrí sókè ní Dùgbẹ̀ ní ọdún 1965. Ní àárín àwọn ọdún wọ̀nyẹn náà ni Premier Hotel dúró lórí òkè Mọ́kọ́lá, tí ẹni tí ó bá wà nínú rẹ̀ lè wo gbogbo òrùlé Ìbàdàn láti òkè. Ọmọ ẹni tí wọn kò gbà láàyè ní Bristol wá ń jókòó létí odò ìwẹ̀ ní Premier. Ìṣẹ́gun ni, a kò sì gbọdọ̀ fojú tín-ín-rín rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ọ̀nà tí a gbà wọ ilé náà ṣe pàtàkì. A kò wó bodè, a gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ni. Ìbéèrè àwọ̀ kúrò, ìbéèrè àpò kù. Nígbà tí owó Udoji jáde ní oṣù Kìíní ọdún 1975, tí náírà kan sì lágbára ju dọ́là Amẹ́ríkà kan lọ, àwọn tọkọtaya òṣìṣẹ́ àgbà láti Bódìjà àti Agodi bẹ̀rẹ̀ sí í lo lííf wọn ní London, gẹ́gẹ́ bí àwọn òyìnbó tí wọ́n gba ipò lọ́wọ́ wọn ti ń ṣe. Àwọn tí owó wọn kò tó bẹ́ẹ̀ ń lọ sí Èkó. Eko Holiday Inn ṣí ní ọdún 1977 létí òkun. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ṣí ní ọdún 1978. Ní Bar Beach, ẹnikẹ́ni lè wọ iyanrìn láìsan nǹkan kan. Alágbàdo wà níbẹ̀, ẹlẹ́ṣin wà níbẹ̀, aláṣọ funfun ń gbàdúrà níbẹ̀. Níbẹ̀ náà ni ìjọba ológun ti ń yìnbọn pa àwọn adigunjalè níṣojú gbogbo ayé, bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1971. Etíkun tí kò ní bodè ni, pẹ̀lú rere àti búburú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ilẹ̀ wa sílẹ̀ díẹ̀, kí a lọ wo ibi tí ìsinmi sanwó-lẹ́ẹ̀kan ti ṣẹ̀. Ní ọdún 1950, ọkùnrin ará Belgium kan, Gérard Blitz, pa àgọ́ sí etíkun ní erékùṣù Majorca ní ilẹ̀ Sípéènì. Ó pe ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Club Méditerranée. Ogun àgbáyé kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni, ó sì rò pé àwọn ènìyàn nílò ibi tí wọn yóò ti gbàgbé ìyà. Nígbà tí ó yá, wọ́n fi ìlẹ̀kẹ̀ dípò owó nínú ọgbà wọn; àlejò á fi í sọ́rùn, á máa já a kéékèèké fi ra ọtí, kí ó má baà rántí owó rárá. Àwa tí òyìnbó ti fi ìlẹ̀kẹ̀ ra ọ̀pọ̀ nǹkan lọ́wọ́ àwọn baba wa yóò rí ohun rẹ́rìn-ín nínú èyí.

Ní Jamaica ni ètò náà ti wá di ti tọkọtaya gan-an. John Issa ṣí Negril Beach Village ní ọdún 1976. Ní ọdún 1978, ó sọ hòtẹ́ẹ̀lì ìdílé wọn ní ìtòsí Ocho Rios di ibi tí kìkì ọkọ àti aya lè wọ̀, ó sì pè é ní Couples. Ní ọdún 1981, Gordon Stewart bẹ̀rẹ̀ Sandals ní Montego Bay. Àwọn ọdún tí rògbòdìyàn òṣèlú gbilẹ̀ ní Jamaica ni ọdún wọ̀nyẹn. Ẹ̀rù ń ba àlejò láti jáde sígboro. Ọgbà olódi tí ohun gbogbo wà nínú rẹ̀ sì fi í lọ́kàn balẹ̀. Erékùṣù yìí kan náà ni àwọn ọmọ Nàgó, ìran tiwa tí a kó lọ, ti ní abúlé kan tí wọ́n ń pè ní Abẹ́òkúta títí di òní.

Ó wá kù síbi tí ó sún mọ́ wa. Ní ọdún 1965, ọdún tí Gambia gba òmìnira, ọmọ Sweden kan, Bertil Harding, bẹ̀rẹ̀ sí í kó àlejò wá sí etíkun ibẹ̀. Nǹkan bí 300 ni àwọn tí ó kọ́kọ́ wá. Iṣẹ́ náà gbèrú títí ó fi di ọ̀kan nínú òpó ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè kékeré náà. Nígbà tí ètò sanwó-lẹ́ẹ̀kan dé, ìgbé ta. Àlejò ti san gbogbo owó rẹ̀ fún iléeṣẹ́ ní Yúróòpù kí ó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Kí ni yóò tún jáde wá wá? Awakọ̀ takisí dúró títí, kò rí èrò. Obìnrin tí ń fún omi èso létí òkun kò rí oníbàárà. Ilé oúnjẹ ará ìlú ṣófo, nígbà tí a ń da oúnjẹ nù nínú ọgbà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1999, ìjọba Gambia fòfin de ìsinmi sanwó-lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n àwọn iléeṣẹ́ tí ń kó àlejò bọ̀ láti òkè òkun fárí gá, àlejò dínkù, kò sì pé ọdún méjì tí ìjọba fi mú òfin náà kúrò. Ẹ̀kọ́ ńlá wà nínú ọ̀rọ̀ yìí fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn. Gambia ní ilẹ̀, ó ní òkun, ó ní oòrùn, ṣùgbọ́n oníbodè rẹ̀ ń gbé ní Yúróòpù.

Ní tiwa, ìlànà àtúntò ọrọ̀ ajé ti ọdún 1986, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí SAP, ni ó dá tọkọtaya Ìbàdàn dúró sílé. Náírà já wálẹ̀, London jìnnà. Ilé ìgbafẹ́ ilẹ̀ wa wá rí àyè. Ọ̀kan nínú àwọn tí a mọ̀ jù lọ ni La Campagne Tropicana ní abúlé Ìkẹ́gun ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí, tí Wanle Akinboboye dá sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1980. Èyí tí ó yàtọ̀ nínú èrò rẹ̀ ni pé ó fi ohun ìbílẹ̀ ṣe ẹwà: igi, ọ̀pá, ewé, oúnjẹ wa àti aṣọ wa. Ó yẹ kí a gbóríyìn fún un. Láti ọdún 1938 tí European Club ti bẹ̀rẹ̀, ìdà kejì ọ̀rọ̀ ni pé kí ọmọ Yorùbá sinmi nínú ọgbà tí ó rí bí ilé baba rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní àsìkò kan náà, etíkun tí kò ní bodè ń tán lọ. Bar Beach kò sí mọ́. Òkun ti ń jẹ ẹ́ láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ògiri òkúta sí ẹnu ọ̀nà ọ̀sà Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Nígbà tí a fẹ́ dí òkun náà lọ́nà, a da iyanrìn sí i, a sì ń kọ́ Eko Atlantic, ìlú àwọn olówó, sórí rẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2020, a lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kúrò ní Tarkwa Bay. Ní ọdún 2024, nígbà tí iṣẹ́ ọ̀nà etíkun láti Èkó sí Calabar bẹ̀rẹ̀, a wó apá kan Landmark, etíkun olówó tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń gbafẹ́. Ẹni tí ó ń ṣọ́ bodè lánàá wá rí i pé bodè tí ó ju tirẹ̀ lọ wà. Ọkọ̀ ojú irin tuntun láti Moniya sí Èkó, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2021, mú kí òkun sún mọ́ Ìbàdàn ju ti ìgbàkígbà rí lọ. Ọ̀nà kúrú, ṣùgbọ́n iyanrìn tí gbogbo ènìyàn ń tẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ti dínkù.

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, ẹ jẹ́ kí a wo tọkọtaya kan ní Bódìjà tàbí ní Àgbowó. Olùkọ́ ni àwọn méjèèjì. Owó lííf tí òfin là sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́ ìjọba jẹ́ ìdá mẹ́wàá owó oṣù rẹ̀ ti ọdún kan, èyí tí ó ju owó oṣù kan lọ díẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ mọ̀ bí ó ti máa ń pẹ́ tó kí ó tó jáde, n kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n pa ti àwọn méjèèjì pọ̀, wọ́n fẹ́ fi sinmi ọjọ́ mẹ́ta létí òkun. Ẹ̀gbọ́n ọkọ gbọ́, ó ní, "Owó tí ẹ lè fi rán ọmọ ìyá yín nílé ẹ̀kọ́ ni ẹ fẹ́ lọ fi wo omi?" Ta ni ó jàre?

Èmi kò ní dá tọkọtaya náà lẹ́bi. Ẹ rántí iná tí a kò dá ní ọjọ́ Òkèbàdàn. Nínú ilé Yorùbá, ta ni ó ń dáná? Nígbà tí akọ̀wé ayé àtijọ́ bá gba lííf lọ sí ìlú rẹ̀, òun ni ó ń sinmi; aya rẹ̀ ń gún iyán fún àwọn àlejò tí ó wá kí wọn káàbọ̀. Àwọn obìnrin tí ń ṣiṣẹ́ oṣù láàárọ̀, tí wọ́n tún ń dáná lálẹ́, kò ní ọjọ́ tí a kọ sórí kàlẹ́ńdà tí a pè ní ìsinmi wọn. Ibi tí ẹlòmíràn ti ń se oúnjẹ, tí ẹlòmíràn ń fọ abọ́, tí ọkọ sì ní láti bá aya rẹ̀ sọ̀rọ̀ nítorí pé kò sí ẹlòmíràn tí yóò bá sọ̀rọ̀, ibẹ̀ kì í ṣe ibi ìfiṣòfò lásán. Bí ẹ̀gbọ́n ọkọ bá ní ìsinmi ẹbí dára ju ti ẹni méjì lọ, kí ó kọ́kọ́ sọ fún wa ẹni tí yóò dáná ìsinmi ẹbí náà.

Síbẹ̀, ìsinmi aya olùkọ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ ebi aya apẹja. Àwọn àgbà ní àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní. Ọkọ̀ ojú omi apẹja ti wà ní etíkun náà kí ilé ìgbafẹ́ tó dé, ilẹ̀ àwọn abúlé yẹn ni a sì mọ odi yí ká. Nítorí náà, kì í ṣe pé kí a wó ilé ìgbafẹ́, kì í sì í ṣe pé kí a fòfin dè é bí Gambia ti ṣe. Ìbéèrè tí ó yẹ kí olówó lííf béèrè kí ó tó san owó rẹ̀ rọrùn. Ẹja tí a óò jẹ níbẹ̀, ọwọ́ ta ni ẹ ti ra á? Àwọn tí yóò fọ abọ́ wa, abúlé wo ni wọ́n ti wá, ọjọ́ mélòó ni wọ́n sì ní fún ìsinmi tiwọn? Ǹjẹ́ ọmọ abúlé lè gba etí òkun kọjá lọ sí ìdí àwọ̀n baba rẹ̀, tàbí ẹ ti dí ọ̀nà rẹ̀? Ilé ìgbafẹ́ tí ó bá lè dáhùn ìwọ̀nyí láìyíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan yẹ fún owó wa.

Ìṣẹ́ kejì wà fún ìjọba, ó sì kan Ìbàdàn gan-an. Ìsinmi tí kò ní bodè kò gbọdọ̀ tán ní ilẹ̀ wa. Ọgbà Agodi, tí àgbàrá bà jẹ́ rí tí a sì tún ṣe, ti di ibi tí a ń sanwó wọ̀. Ẹni tí ó ń gbé ní Challenge pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin mọ ohun tí owó bodè túmọ̀ sí ní ọjọ́ ọdún. Adágún Ẹlẹ́yẹlé wà níbẹ̀ láti àwọn ọdún 1940. Kí ni ó dé tí kò fi lè sí etí omi kan ní Ìbàdàn tí tọkọtaya aláìní lè jókòó sí ní ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni na ọwọ́ sí wọn?

Látòósà jà nítorí pé ẹlòmíràn di ọ̀nà òkun mú. Àwọn ará Èkó ní ọdún 1947 kígbe nítorí pé ẹlòmíràn di ẹnu ọ̀nà hòtẹ́ẹ̀lì mú. Nínú ìjà méjèèjì, àwa ni a wà níta. Lónìí, àwọn kan nínú wa ti wọlé, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ wa. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ fún ẹ̀yin tí a jọ jókòó, àti fún kíláàsì yín lọ́la: irú oníbodè wo ni àwa náà fẹ́ jẹ́?